Ẹ Wá Bá Wa Jẹun ní Adágún Dákẹ́

Ẹ jókòó bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ dúró bí ẹ bá fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wo àwo mi. Ìṣọ̀lá, ìwọ ni mò ń bá wí, ìwọ tí ò ń fọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́nu. Mo gbọ́ ohun tí o sọ sí ẹnìkejì rẹ létí nígbà tí ẹ wọlé tí ẹ bá mi nídìí ẹ̀bà. O ní, “Bàbá yìí mà láhun o, ẹnu lásán kò lè sọ pé ká wá jẹun.” Òótọ́ lo sọ. N kò sọ ọ́, n kò sì ní í sọ ọ́. Bí ọba ìlú yìí bá kọjá níwájú ilé mi nígbà tí mo ń jẹun, n ó dọ̀bálẹ̀ kí i tọwọ́tẹsẹ̀, n ó dìde, n ó gbọn iyanrìn ara mi nù, n ó sì padà sídìí àwo mi láìpè é. Gbogbo ìlú ti sọ mí ní ahun. Wọ́n ní kò dùn mí. Irọ́ ni, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ju èyí lọ wà nínú igbó, lórí omi kan, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ mí tó. Èmi Ọdẹ́yalé, èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tó gbàgbé koríko sẹ́nu, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì yìnbọn lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọ̀tún ń dùn mí, tí ẹran sì sùn síbẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń wá ibi tí yóò sùn sí tẹ́lẹ̀. Mo ti gun igi tí ejò ń gbé, ejò sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi. Iwin kan wà ní ọ̀nà Òkè Agbede tó jẹ́ pé bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá inú mi dùn lónìí kó tó kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má pàtẹ́wọ́ náà. Gbogbo agbára wọ̀nyí, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò wọn ní tòótọ́, n kò rí ọ̀kan lò nínú wọn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ẹjalónibú ni orúkọ rẹ̀. Apẹja ni, apẹja ni bàbá tó bí i. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ojúlé wa sì kọjú síra, tó fi jẹ́ pé bí ìyá mi bá nà mí, ìyá tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sáré jáde. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ olórí ọdẹ, tí àwọn tó jù mí lọ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹ̀yin, Ẹjalónibú dé ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kígbe pé, “Ìwọ Ọdẹ́yalé, ṣé o ti jí, àbí oyè ti gbé ọ sùn lọ?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti kékeré wa, kò fi ẹ̀yin pè mí rí, èmi náà kò sì fi pè é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, n ó padà wá mú un.

Ọkùnrin náà mọ̀wà hù, àní ó pọ̀jù. Kò lè rí ẹni tó ń kọjá kó má kí i, ì báà ṣe wèrè, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Bó bá ń jẹun, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ kan péré ló wà níwájú rẹ̀, yóò ké sí gbogbo ẹni tó bá gba ojúde rẹ̀ kọjá: “Ẹ wá bá wa jẹun o!” Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń pè kò retí pé kí a wá, ẹni tí wọ́n pè yóò ní, “Á gba ibi ire o,” yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àpọ́nlé ni, kì í ṣe oúnjẹ. Ahọ́n wa ń sọ ọ́ kí ọkàn wa tó gbọ́.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró, ìyàwó Ẹjalónibú, bímọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, ó pẹ́ débi pé àwọn ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ ti dákẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn pàápàá. Ọkùnrin ló bí. Nílé àwọn Ẹjalónibú, wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí ẹja àrọ̀ tó wà láàyè. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹja náà nínú àwo omi, yóò fi kan ètè ọmọ, yóò sì pe orúkọ tó ti gbé sínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, orúkọ tí kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ọdún náà le. Odò wa gbẹ títí ó fi ku òkúta, ewúrẹ́ ń sùn síbi tí ọkọ̀ ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹjalónibú wá gbogbo ibi tó mọ̀, kò rí ẹja kankan. Nígbà tó wá ku ọ̀la kí wọ́n sọmọ lórúkọ, ó wá bá mi láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ó ní, “Ọdẹ́yalé, omi kan ló kù tí n kò dé. Adágún Dákẹ́ ni, nínú igbó Kò-sọ́nà. Mo mọ omi, n kò mọ igbó. Ìwọ mọ igbó. Bá mi lọ.”

Mo ní, “Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọdẹ kì í wọ igbó yẹn?”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi bẹ ọdẹ mìíràn.”

Ẹ rí bí ó ṣe mọ̀ mí tó? Mo gbé ìbọn. Àwẹ̀ró jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ láyà, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ mi, bí ẹ kò bá rí ẹja, ẹ bá mi mú òun nìkan bọ̀. Ìyẹn tó mi.” Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá obìnrin lóhùn láyé ìgbà náà. Mo ní, “Àwẹ̀ró, padà sínú ilé. Ọwọ́ èmi ló wà.”

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ìrìn dá yín lágara. Ẹnu ibodè igbó náà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kan jókòó sídìí ìrókò níbẹ̀, orí rẹ̀ fẹ̀ bí odó, etí rẹ̀ wálẹ̀ dé èjìká, ó sì gbé ẹrù kan tí a fi ewé dì sórí itan, ẹrù tí kò tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Ó wò wá, ó ní, “Ta ni yín, kí sì ni ẹ lè ṣe?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ̀ pé irú ìbéèrè yìí ni mo fi ń jẹun. Mo na àyà, mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́yalé. Kò sí ẹrù tí n kò lè gbé láyé yìí.” Ó ní, “Ó dára. Gbé tèmi.” Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé e lé mi léjìká. Ẹrù tí ó kéré yẹn, ó wúwo títí orúnkún mi fi kanlẹ̀, ó wúwo títí àgbọ̀n mi fi kan ekuru, mo gbọ́ tí eegun ẹ̀yìn mi ń sunkún.

Mo pariwo pé, “Àwàdà ni mo ń ṣe!”

Ẹ̀dá náà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Kí ni wọ́n ń pè ní àwàdà?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ tí ẹnu sọ tí kò ti ọkàn wá.”

Ó ronú sí i, ó ní, “Irú rẹ̀ kò sí níbí. Ohun tí ẹnu bá sọ níbí, ó ti di sísọ.”

Ẹjalónibú ló yọ mí. Ó kúnlẹ̀, ó kí ẹ̀dá náà kú ìjókòó, kú ìṣọ́, kú ọ̀gbẹlẹ̀, ó kí i tán pátápátá nígbà tí mo ń kú lọ nílẹ̀, ó wá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun lè gbé ẹrù yìí. Ṣé ó ti gbé e?”

Ẹ̀dá náà ní, “Ó ti gbé e.”

“Ṣé ó sọ pé òun kò ní í sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Ẹ̀dá náà ronú títí, etí rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ nìyẹn. Ẹ gbà á lọ́rùn rẹ̀.”

Ẹ̀dá náà fi ìka kan gbé ẹrù náà kúrò. Bí mo ṣe ń wá èémí mi kiri, ó sọ fún wa pé, “Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Igbó yìí kò mọ àwàdà, kò sì mọ àpọ́nlé.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ó wọ Ẹjalónibú náà létí, nítorí pé gbogbo ọ̀nà ló fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ìwọ lọ̀rọ̀ bá wí. Ìwọ ni ò ń fọ́nnu. Èmi kì í fọ́nnu, kí ni n ó ti máa ṣọ́ ẹnu mi sí?” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n fọwọ́ ara mi gbá ara mi létí.

Ọ̀sán ti ń lọ gangan nígbà tí a rí omi náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ dé ibẹ̀. Ó tẹ́ lọ salalu, kò sí afẹ́fẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ẹyẹ kan tó ń ké létí rẹ̀. Ọkọ̀ igi kan wà ní bèbè tí a kò mọ olówó rẹ̀, Ẹjalónibú kò sì gbà kí a wọ̀ ọ́ títí tó fi kígbe sí ìgbẹ́ tó ṣófo pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ọlọ́kọ̀, a fẹ́ yá a lò díẹ̀ o, a ó dá a padà!” Mo ní, “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ó ní, “Bí ẹnì kan bá wà, yóò ti gbọ́. Bí kò bá sí, kí ni mo pàdánù?”

Kí n sọ òótọ́ fún yín, àsìkò tí a lò nínú ọkọ̀ yẹn dùn. Ọ̀rẹ́ mi fi ekòló bọ ìwọ̀, ó so igi fífúyẹ́ mọ́ okùn kí ó lè léfòó, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi ń fa okùn sókè sódò bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ẹja kì í ṣe ìgalà. Má lé e. Jókòó, jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.” Mo ní, “Ẹja ní ẹsẹ̀ bí?” Ó ní, “Wò ó, dákẹ́.” Mo dákẹ́. Epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń ta pọ́ún pọ́ún nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni okùn ọ̀rẹ́ mi wọ inú omi lọ láìmì, ó fà á jẹ́jẹ́, ó fà á, àrọ̀ dúdú kan sì yọ irùngbọ̀n sókè. Ẹjalónibú kò pariwo. Ó gbé ẹja náà sínú agbọ̀n tó fi ewé tútù tẹ́, ó rọ omi sí i lára, ó wá jókòó, ó ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú méjì míì lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé, “Orúkọ wo gan-an lo fẹ́ sọ ọmọ yìí?” Ó fọwọ́ lu ikùn, ó ní, “Ibí ló wà. Ọ̀la ni kí o wá gbọ́ ọ bí àwọn yòókù.”

Ebi wá pa wá. A tu ọkọ̀ sí bèbè, a dáná, a yan epìyà, a tú ẹ̀kọ tí Àwẹ̀ró dì fún wa. A ti jẹ díẹ̀ nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń rìn bọ̀ lórí omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní lórí omi, bí ẹ ṣe ń rìn lórí ilẹ̀. Ó ga, ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ sì nà jáde sí ọ̀tún àti òsì ẹnu bíi ti àrọ̀. Kò wò wá. Ó ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń kọjá. Mo di ìbọn mú, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé kó máa lọ, kó ṣáà máa lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ohùn Ẹjalónibú, ohùn ojúde rẹ̀ gan-an, ohùn tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí a ti dáyé:

“Ẹ wá bá wa jẹun o!”

Kì í ṣe pé ó rò ó. Mo wò ó lójú, mo rí i pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Òkèlè ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin omi náà dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ṣé èmi lẹ pè?”

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ mi, mo sọ lábẹ́ èémí pé, “Sọ pé rárá.” Ṣùgbọ́n ta ló tọ́ ẹ̀yin dàgbà tí ẹ ó fi lè sọ fún àlejò pé ẹ kò pè é? Ẹjalónibú ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Ó wá, ó jókòó láàárín wa, ilẹ̀ tó jókòó sí tutù. Ó jẹ epìyà tí a yan, ó jẹ èyí tí a kò tíì yan, ó jẹ eegun, ó jẹ ẹ̀kọ tòun ti ewé, ó jẹ iyọ̀, ó jẹ eérú ààrò. Ó na ọwọ́ sí agbọ̀n, ó gbé àrọ̀ náà mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìbọn sókè. Ẹjalónibú di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, èmi ni mo pè é wá. Ṣé o fẹ́ kí n pe èèyàn wá jẹun, kí ìwọ wá yìnbọn fún un?” Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo lè ṣe fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí kò ku nǹkan kan, ọkùnrin náà nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Láti ìgbà tí omi ti dúró síbí, kò sí ẹni tó pè mí jẹun rí. Wọ́n ń sá fún mi. Mo ti jẹ tiyín, n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ gbé. Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ wá bá mi jẹun.”

Ẹnu mi yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. Mo ní, “Á gba ibi ire o!”

Ó tẹrí ba fún mi, ó ní, “Ó dára.” Àṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn tó. Ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré náà ni kó sọ. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹjalónibú ń wo agbọ̀n tó ṣófo. Ó wo oòrùn, oòrùn ti yẹ̀. Omi náà ti padà sí bó ṣe wà, kò sí ẹja kankan tó ń ta lójú rẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Bàbá, ti ọmọ mi ni àrọ̀ tí ẹ jẹ yẹn. Ọ̀la ni a ó sọ ọ́ lórúkọ.”

Ọkùnrin náà ní, “Àrọ̀ kún ilé mi. Wá bá mi jẹun, n ó fún ọ ní èyí tó o bá fẹ́.”

“Ẹ kọ́kọ́ fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́ja.”

“Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti wọlé, ẹja yóò jáde.”

“Ìgbà wo ni n ó padà?”

“Ìgbà wo ni àlejò ń dìde nídìí oúnjẹ nílùú tiyín?”

Mo rí i tí ojú ọ̀rẹ́ mi tàn. Ó rò pé òun tún ti rí ọ̀nà, bí ó ṣe rí i lẹ́nu ibodè. Ó ní, “Nígbà tó bá yó ni.”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti yó, máa lọ.”

Ẹjalónibú fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “O rí i, mo ti jẹun tẹ́lẹ̀. Òkèlè kan tàbí méjì, mo ti yó nìyẹn. Dúró dè mí níbí, kó o tọ́jú ẹja, kó má baà kú.” Mo ní, “Má lọ. Ká lọ sílé báyìí, ká fi omi lásán sọ ọmọ lórúkọ.” Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ọmọ tí a wá tó báyìí? Kí n fi ọwọ́ òfìfo wọlé tọ̀ ọ́?” Ó wọ inú omi tẹ̀ lé ọkùnrin náà, omi dé ìdí rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, omi sì bò ó.

Ẹja jáde lóòótọ́. Wọ́n fò sínú agbọ̀n fúnra wọn, àrọ̀ sísanra, àrọ̀ tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Mo dúró. Oòrùn sún. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi ha. Níkẹyìn ni orí ọkùnrin náà yọ láàárín omi, ẹnu rẹ̀ kún fún oúnjẹ.

Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?”

Ó ní, “Kò tíì yó.”

“Ó ti jẹun kó tó wá!”

“Oúnjẹ tiwa kì í yóni. Ta ló sọ fún un pé ó ń yóni?”

Mo yìnbọn fún un. Èmi tí n kì í tàsé, n kò tàsé. Ọta náà wọ omi, omi pa dé, ọkùnrin náà ń jẹun lọ. Mo bọ́ sínú omi náà pẹ̀lú àdá, omi tó bo ọ̀rẹ́ mi mọ́lẹ̀ kò ju kókósẹ̀ mi lọ. Mo rìn ín ká, mo ń ṣá ẹrẹ̀ ládàá bí wèrè. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ fún ẹni tó ti ní á gba ibi ire. Nígbà tí mo dúró, tí mo ń mí hẹlẹ, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ohùn tó tutù, tó sì dùn, ohùn ojúde rẹ̀:

“Ọdẹ́yalé, wá bá mi jẹun o!”

Mo fẹ́ lọ. Kí Ọlọ́run gbọ́ mi, mo fẹ́ lọ. Mo yanu, mo ní, “Mo ń...” Kíá, omi ti gun dé orúnkún mi, ó ti dé itan, ó tutù, ó ń fà mí bí ọwọ́ ọmọdé. Mo rí Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ láyà. Mo bu ahọ́n mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi, mo sì fi ẹ̀jẹ̀ yẹn sọ ọ́: “Á gba ibi ire o.” Omi fà sẹ́yìn. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí obìnrin tó ṣòfò ọmọ.

Ẹ̀dá ẹnu ibodè rí mi nígbà tí mo ń bọ̀, èmi nìkan, pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó ní, “Ẹrù tìrẹ wúwo ju tèmi lọ.” Mo gba ọ̀nà ilé lọ.

Àwẹ̀ró ti wà lójúde. Ó rí ẹja, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi dà?”

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá ohun tí n ó sọ. Nígbà tí mo yanu, òótọ́ ló jáde. Mo ní, “Ó ń jẹun lọ́wọ́.”

Ó ní, “Ẹ ní ọwọ́ ẹ̀yin ló wà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi títí tó fi kú.

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló mú ẹja, ó fi kan ètè rẹ̀, gbogbo ilé sì dákẹ́ nígbà tó kan orúkọ, nítorí pé ẹni tó gbé orúkọ sínú kò sí nílé. Wọ́n pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún. Orúkọ dáadáa ni. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Mo padà lọ. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń lọ, ẹ kò mọ̀ ni. N óò dúró létí omi, n óò kígbe pé, “Ẹjalónibú, ṣé o ti yó?” Yóò ní, “Ọdẹ́yalé, wá bá mi jẹun o.” N óò ní, “Orúkọ wo lo fẹ́ sọ ọmọ yìí? Sọ ọ́ fún mi, kí n gbé e lọ sílé fún un.” Yóò ní, “Wá, ká jọ jẹun, n ó sọ fún ọ.” Inú rẹ̀ dùn, ẹ gbà mí gbọ́, kò mọ̀ pé ó ti pẹ́, òkèlè kejì ló rò pé òun wà. N óò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, n óò sì padà sílé. Bí mo ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi lọ́dọọdún nìyẹn pé n kò wá. Nítorí náà ni n kò fi lè pe ẹnikẹ́ni jẹun mọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí. Ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, mo lọ. Ẹsẹ̀ kò gbé mi dáadáa mọ́, igi ni mo fi ń tilẹ̀, irun mi sì ti rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Mo dúró létí omi, èémí kò jẹ́ kí n lè kígbe, mo kàn ń wúkọ́. Ẹjalónibú gbọ́ ìkọ́ arúgbó. Ohùn rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, ohùn ẹni tó rí àjèjì tó ń kọjá lójúde rẹ̀, tó sì ń pọ́n ọn lé.

Ó ní, “Ẹ wá bá mi jẹun o, Bàbá.”

Ó fi ẹ̀yin pè mí. Mo ń wá ohùn tí mo lò nígbà tí a wà lọ́mọdé, kí n fi sọ pé èmi ni, ìwọ ọ̀lẹ, èmi Ọdẹ́yalé ni. N kò rí i. Mo ní, “Á gba ibi ire o,” bí àwọn àjèjì ṣe ń sọ ọ́, mo yí padà, mo sì wá sílé.

Ẹ̀bà mi ti tutù. Ìṣọ̀lá, dìde, máa lọ sílé ìyá rẹ.